Káàdì Kékeré fún Ṣọfẹ́ẹ̀ Mi

Agboolé Alhájì Mùktárù,
Ẹ̀yìn Gáréèjì, Zongo,
Parakou, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ṣọfẹ́ẹ̀ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. O kú àìrí, o kú àìgbọ́. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyábọ̀ ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń lọ sílé ìwé déédéé? Màmá ńkọ́, orúnkún tó máa ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà òtútù ńkọ́? Gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ní tiwa níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Àsíátù ìyàwó mi ní kí n kí ọ, ó ní ẹran Iléyá tí o kò wá jẹ lọ́dún yìí, òun ti bá ọ jẹ ẹ́. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Parakou, ètè gbogbo wa ti ń là.

Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìbéèrè tí o kò fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ni yóò béèrè bí èmi ò bá béèrè? Láti ìgbà tí alùpùpù ti gbé ọ ṣubú, tí dókítà sì ti sọ pé ọwọ́ ọ̀tún kò ní lè di nǹkan mú mọ́, o ò gbé fóònù mi mọ́. Mo pè, mo pè, ó sú mi. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà kì í dún, o ò lè pa á lẹ́nu mọ́.

Ìyábọ̀ ló gbé fóònù níjọ́sí. Mo bi í pé kí lò ń ṣe, ó ní o jókòó sínú yàrá, o kọjú sí ògiri. Ó ní o ti ti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ pa, o da aṣọ bo kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀, o sì ní ọlọ́wọ́ kan kì í ṣe èèyàn mọ́. Gbọ́láhàn! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Ìwọ! Ìwọ tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ṣoṣo lo fi di ọba ní yàrá Sàrúmì?

Àbí o ti gbàgbé? Èmi ò gbàgbé ìgbà èwe wa ní Zongo níbí, kí o tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Yàrá géèmù Sàrúmì, lẹ́yìn gáréèjì, tí kọ́tìnì rẹ̀ máa ń rùn fún epo mọ́tò. Tẹlifíṣọ̀n tó ní ìlà aláwọ̀ ewé kan láàárín ojú. Bẹ́ǹṣì onígi tó máa ń gún wa nídìí. Owó ọwọ́ wa kì í tó kí kálukú gba ìjókòó tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ Sàrúmì kì í gbà kí ẹni tí kò sanwó fọwọ́ kan nǹkan. Ni a bá dá a sí méjì: mànẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fi ń darí eré, ìwọ di apá òsì mú, èmi di apá ọ̀tún mú. Àtàǹpàkò òsì rẹ ló ń yí ọkọ̀, àtàǹpàkò ọ̀tún mi ló ń tẹ iná, òun náà ló ń tẹ bíréèkì. Èjìká wa á lẹ̀ mọ́ra, òógùn á máa dà. "Tẹ̀ ẹ́! Awwal, tẹ̀ ẹ́!" lo máa ń pariwo. Àwọn tó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣeré, inú eruku la máa ń fi wọ́n sílẹ̀ sí. Sàrúmì fúnra rẹ̀ ló sọ wá lórúkọ, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọlọ́kọ̀ nínú gáréèjì: ìwọ tó ń wa ọkọ̀ ni Ṣọfẹ́ẹ̀, èmi ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń kérò ni Àpùrántì. Kúráǹ á lọ, gbogbo yàrá á hó yèè, a ó jáde lọ jókòó sórí pèpéle, a ó máa jẹ wàgásì, wàrà tí wọ́n dín, títí iná á fi dé. Áà, ayé ti dùn rí o!

Ní oṣù tó kọjá, mo gba ibẹ̀ kọjá. Kí Ọlọ́hun kẹ́ Sàrúmì. Yàrá náà ti di ibi tí wọ́n ń kó àpò èso kajú sí. Mo kàn dúró síwájú ilẹ̀kùn, mò ń wò ó, títí obìnrin tó ni kajú fi bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà. Omi ti lé ròrò sí mi lójú.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé mo máa to kọ̀ǹpútà géèmù jọ, irú èyí tí a búra nígbà yẹn pé a ó ní tí a bá dàgbà. Mo tọ Fáìsàlì lọ, ọmọ Dẹ́ńdì tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù nítòsí mọ́sálásí. Gbogbo nǹkan ló rọrùn àfi káàdì gíráfíìkì, ìyẹn èyí tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Ó ní káàdì yìí gan-an ni ọkàn géèmù, pé tí kò bá dára, ọkọ̀ inú eré á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ó kó oríṣiríṣi wá síwájú mi, ó ń ka bí ìrántí inú wọn ṣe pọ̀ tó fún mi, àti kúráǹ tí wọ́n ń jẹ. Ṣé o mọ̀ mí, oníṣòwò píẹ́ẹ̀sì mọ́tò ni mí, bàbá mi sì ti kọ́ mi: dínámò tó bá fúyẹ́, ayédèrú ni, èyí tó bá wúwo, bàbà gidi ló wà nínú rẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí Fáìsàlì ń sọ mọ́. Mo kàn ń gbé káàdì kọ̀ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́, mò ń wọ̀n ọ́n, mò ń gbé e símú bóyá ó ti jóná rí. Èyí tó wúwo jù, tó ní fáànù mẹ́ta, tó tóbi bíi bíríkì, òun ni mo mú. Fáìsàlì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ sọ irú eré tí ẹ fẹ́ ṣe fún mi." Mo ní kó jẹ́ kí n sinmi, ṣé òun ló máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yan irin ni?

Mo délé. Káàdì gùn ju àpótí kọ̀ǹpútà lọ, ìdérí kò padé. Mo fi í sílẹ̀ níhòòhò bẹ́ẹ̀, mo tan án. Fáànù rẹ̀ fẹ́ fùù, àwòrán yọ, ó dára débi pé mo kígbe, ni gbogbo rẹ̀ bá kú pii. Mo tún un tàn, ó tún kú. Kúráǹ tó ń jẹ ti pọ̀ ju èyí tí kọ̀ǹpútà mi lè fún un lọ. Ẹ̀rín fẹ́ pa Àsíátù. Ó ní ṣé dínámò ni mo gbé wálé, kí n yáa lọ so ó mọ́ ọkọ̀ kámíọ̀n.

Bí mo ṣe jókòó ti irin aláìgbọràn yẹn, mo wá rò ó. Ká tiẹ̀ ní ó ṣiṣẹ́ ńkọ́? Èmi àti ta ni? Kí n máa fi ọwọ́ méjèèjì ṣeré nínú yàrá èmi nìkan, kí àwòrán rẹwà, kí n má sì rí ẹni tí yóò kígbe pé "Tẹ̀ ẹ́"? Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Mo gbé e padà lọ bá Fáìsàlì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Mo sọ ti yàrá Sàrúmì, mo sọ ti ọwọ́ rẹ, mo sọ ti kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ aṣọ. Ó ní ó ṣeé ṣe: eré á wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi, àwòrán rẹ̀ á máa gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá bá ọ, mànẹ́ẹ̀tì kan á wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan á wà lọ́wọ́ rẹ, méjèèjì á sì máa darí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ó kàn jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ìtẹ̀wé rẹ ti dàgbà. Bí kò bá ní káàdì, àwòrán á máa dúró, á máa fò. Bẹ́ẹ̀ káàdì ńlá kò lè wọ inú rẹ̀, kúráǹ rẹ̀ ò sì ní gbé e. Ó mú kékeré kan wá, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, fáànù kan ló ní, kò sì nílò wáyà kúráǹ kankan lọ́tọ̀. Ó fúyẹ́ bí àkàrà! Bàbá mi ì bá jù ú nù.

Ní Zongo, ọjà tí o bá ti gbé délé tí o sì ti tàn, kò ní àbọ̀. Ìwọ náà mọ̀. Èmi gan-an kì í gba píẹ́ẹ̀sì padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo ní kó tìtorí Sàrúmì ṣe é. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn rí, àwa méjèèjì la máa ń lé òun dìde. Ó gba káàdì ńlá, ó fún mi ní kékeré méjì, ọ̀kan fún tèmi, ọ̀kan fún tìrẹ.

A dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fáìsàlì mú apá òsì, èmi mú apá ọ̀tún. Àwòrán kò dára tó ti káàdì ńlá, igi inú rẹ̀ kò léwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń sáré geere. Ó yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún, a kọlu ògiri. Ó yí i sósì, a bọ́ sódò. Mo ní, "Fáìsàlì, ìwọ kọ́." Ó ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Káàdì kékeré kejì ló wà nínú páálí tí awakọ̀ Ìlọrin gbé wá fún ọ yìí, òun pẹ̀lú mànẹ́ẹ̀tì. Ìró Àsíátù ni mo fi wé e. Àsíátù fẹ́ kó wàgásì sínú páálí kan náà, mo figbe ta pé ṣé ó fẹ́ kí o dín in lórí káàdì ni. Ó wà nínú àpò ọ̀tọ̀. Ìyábọ̀ ti mọ̀ sí i. Ó ti bá ẹni tí yóò fi káàdì sínú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ó sì ti ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Má bínú sí i, èmi ni mo rán an níṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, tí ẹ bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, èmi náà á ti kírun ọ̀sán tán, màá ti jókòó. Mi ò ní tẹ iná. Mo máa dúró dè ọ́.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, káàdì yìí kò lè wo ọwọ́ rẹ sàn. Èmi náà sunkún ọwọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kọ́ lo fi ń wa ọkọ̀, Gbọ́láhàn. Láti orí bẹ́ǹṣì Sàrúmì ni mo ti jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ, kò sì sí alùpùpù tó lè ṣẹ́ èyí.

Bá mi kí Màmá, kí wọ́n máa fi òróró pa orúnkún. Kí àwọn ọmọ. Sọ fún Ìyábọ̀ pé mo dúpẹ́. Àsíátù ń kí ọ, gbogbo Zongo ń kí ọ, Fáìsàlì náà ní òun ń retí ẹni tó máa ń lé òun dìde.

Ṣọfẹ́ẹ̀, mo ti kérò tán. Ọkọ̀ ti kún. Ìwọ nìkan la ń dúró dè.

Èmi ni Àpùrántì rẹ,
Awwal.