Ọ̀gá Onílé-ìtura àti Owó Fọ́tò Mi

                                        Yàrá Kẹta,
                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-epo.
                                        Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Káfíńtà tí kì í gé pákó tí kò wọ̀n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àti ọmọ tuntun tí kì í jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹ kú ìtọ́jú o. Èmi náà wà, ara le koko, inú nìkan ló ń hó. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yóò yà ọ́ lẹ́nu láyé fóònù, ṣùgbọ́n nígbà tí o ti jẹ́ kí tìrẹ já sínú korobá gọ́ọ̀mù, kí ni kí n ṣe? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń bọ̀ nílé nírọ̀lẹ́ òní ni yóò gbé e fún ọ.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ gbọ́. Owó ẹ̀rọ ìgégi rẹ tí o yọ fún mi láti fi ra kámẹ́rà, mi ò gbàgbé. O ránṣẹ́ pé ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ní tó bá di Ọjọ́rú tó ń bọ̀ tí owó kò pé, òun á tà á fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn oorun. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wà, mo ti ṣe é, mo sì ti kó o fún ẹni tó ni ín. Owó ni kò tẹ̀lé e.

Ọ̀gá onílé-ìtura kan ló gbé iṣẹ́ náà fún mi, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Yàrá méjìlélógún ni mo yà, tibùsùn tibalùwẹ̀. Balùwẹ̀ kan rí burúkú débi pé orí àga ni mo dúró lé kí kámẹ́rà má baà rí àmì omi lára ògiri. Mo sọ ibẹ̀ di ààfin. Nígbà tí ó rí fọ́tò náà, ó ní, "Ọmọ yìí, ọwọ́ ẹ dáa o! Ọlọ́run á gbé ẹ ga." Ibi àdúrà yẹn ló yẹ kí n ti fura. Ẹni tó fẹ́ sanwó kì í gbàdúrà púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Ṣé o rántí bí tíṣà wa lábúlé ṣe máa ń fi rúlà lu eegun ìka wa tí a bá kọ lẹ́tà sí àgbà láìfi ọ̀wọ̀ sí i? Ọ̀wọ̀ yẹn ni mo fi kọ ìwé tí mo fi béèrè owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo kọ iye yàrá, mo kọ iye owó, mo wá fi sí ìsàlẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ san án nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn." Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni. Ọ̀sẹ̀ méje kọjá láìrí kọ́bọ̀, ọ̀rẹ́ mi! Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì wọn, akọ̀wé owó, ìyá kan tó so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn bí ẹni so ewúrẹ́, tẹ́ ìwé mi síwájú mi, ó fi bírò tọ́ka sí ìlà ìsàlẹ̀.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Kò tíì rọ̀ wá lọ́rùn."

Ó sì ń jẹ bisikíìtì rẹ̀ lọ.

Mo fẹ̀jẹ̀ sínú, mo tutọ́ funfun. Mo lọ sílé, mo kọ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ ni mo fi sísàlẹ̀, Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Ọjọ́ Ajé pé, owó kò dé. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ aṣọ tó dáa jù, mo lọ jókòó sórí àga onítìmùtìmù níbi tí àwọn àlejò wọn ti ń gba kọ́kọ́rọ́. Mi ò pariwo, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Tí àlejò bá bi mí pé ṣé èmi náà wá sùn ni, màá ní rárá o, èmi ni mo ya fọ́tò tó mú yín wá, owó mi ni mò ń dúró dè. Obìnrin kan wo fọ́tò inú fóònù rẹ̀, ó wo ògiri, ó ní, "Ìwọ lo tàn wá débí?" Mo ní kó má bínú.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Ṣé o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni? Bí ọmọ ni mo mú ẹ o!"

Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá. Ṣé ẹ máa ń sanwó iléèwé àwọn ọmọ yín?"

Ó wò mí, ó wo àlejò mẹ́rin tó ti tẹ́tí láti gbọ́ ìdáhùn, ó ní kí akọ̀wé fún mi ní ìdajì. Ìdajì náà dé, àmọ́ wọ́n ti yọ owó ìgò omi méjì tí mo mu lọ́jọ́ iṣẹ́. Mo bi ìyá onígíláàsì pé ṣé wọ́n ti yọ owó afẹ́fẹ́ tí mo mí náà. Ó ní òun kò ronú kan ìyẹn.

Ìdajì yẹn kò tó owó rẹ. Àná ni ọ̀gá kan náà wá pè mí. Aago méjì ọ̀sán òní ni wọ́n fẹ́ ṣí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn, àwọn ènìyàn ńláńlá ń bọ̀, kí n wá ya fọ́tò, òun á pa gbogbo owó pọ̀ san lẹ́yìn ayẹyẹ. Mo ní kò sí wàhálà: kí èyí tó kù wọlé, kí ìdajì ti tuntun náà wọlé, màá dé kí wọ́n tó to àga.

"O ò fọkàn tán mi ni?"

"Mo fọkàn tán yín, sà. Àpò yín ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ ò tíì mọra."

Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Kí n má purọ́, mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá kọ iṣẹ́ yìí, bóyá owó tó kù ti wọgbó nìyẹn, ẹ̀rọ rẹ á sì bá a lọ. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ní kí n lọ tọrọ àforíjì. Mo bi í pé ṣé ó ti ránṣọ fún ọ̀gá náà rí. Ó ní ó ti di ọdún méjì tí òun ń retí owó ṣòkòtò. Ni mo bá jókòó ti lẹ́tà yìí. Mo ti nu kámẹ́rà, bátìrì ti kún, ṣẹ́ẹ̀tì mi wà lára ìkọ́. Aago kan ti kọjá, wọ́n sì ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìpè àkọ́kọ́, èébú. Ìkejì, àdúrà. Ìkẹta, wọ́n ní akọ̀wé owó kò sí nítòsí láti sanwó. Ìkẹrin, akọ̀wé náà ló pè, ó ní ọ̀gá ti wọ kóòtù tán, ó ń béèrè ibi tí òun máa dúró sí kí ikùn òun má baà hàn. Mo ní mo mọ ibẹ̀ dáadáa, kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó rẹ̀.

Dúró ná. Fóònù tún dún.

Ọ̀rẹ́ mi, owó ti wọ àkáǹtì mi! Ti àtijọ́ àti ìdajì ti tuntun, ó pé pérépéré. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀gá fi tẹ̀lé e: "Olóríkunkun." Mo dá a lóhùn pé ẹ ṣeun sà, mo ti ń bọ̀. Màá yà gba owó náà lójú ọ̀nà, màá sì fi tìrẹ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọkọ̀. Kà á lójú wọn, má tijú. Gbé e lọ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, má dúró de Ọjọ́rú, kí o sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, bó ti wù kó rẹ́rìn-ín sí ọ tó.

Bá mi kí ìyá rẹ àti ìyàwó rẹ. Fi ẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu fún mi, bó bá gbà láti panu dé.

Èmi ni tìrẹ, tó ń fi ẹsẹ̀ kan wọ bàtà,
Ayafọ́tò Olóríkunkun.