Ìpara Tí Mo Fi Pa Ẹnu Ẹ̀fọ́ Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo sì kí ọ̀gá rẹ obìnrin tó ń rán ọ níṣẹ́ láàárọ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun kí o tó wọ yàrá tí ẹ ti ń yẹ ewé wò? Ọlọ́run tó dá ewé, tó dá ọ, kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Mo fi àdúrà yẹn ṣáájú nítorí ohun tó wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún ṣì ń dùn ún, àmọ́ kò tíì dùn ún dé ibi tí yóò fi jókòó. Bẹ́líìtì máṣíìnì ìránṣọ mi já, mo fi okùn bàtà dípò rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ó kàn ń pariwo ni. Òrùlé tí o ní kí a tún ṣe, a ti tún un ṣe, kò sì jò mọ́. Òjò náà ò tíì rọ̀ láti ìgbà náà.

Owó tí o fi sí báńkì, mo lọ gbà á. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kí n tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ gíláàsì kékeré kan. Mo tẹ̀ ẹ́, gíláàsì ní òun ò mọ̀ mí. Mo nu ọwọ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tilẹ̀ sọ orúkọ mi àti ti bàbá mi fún un, síbẹ̀ ó ní rárá. Akọ̀wé ní abẹ́rẹ́ ló ti jẹ ìlà ọwọ́ mi tán láti ogójì ọdún tí mo ti ń ránṣọ. Mi ò bínú. Mo kàn sọ fún un pé gbogbo ẹni tí mo ránṣọ fún ló mọ̀ mí, bí gíláàsì bá fẹ́ mọ̀ mí kí ó gbé aṣọ wá. Owó náà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀fọ́ rẹ. Bí o ṣe wí la ṣe. Ìkòkò mẹ́wàá wà lápá ọ̀tún ògiri ṣọ́ọ̀bù, àwọn tí a ń bomi rin lójoojúmọ́, mo so òwú funfun mọ́ wọn. Mẹ́wàá wà lápá òsì, àwọn tí o ní omi ò gbọdọ̀ kàn fún ọjọ́ méjìlá, mo so òwú dúdú mọ́ wọn. Ìyá rẹ béèrè ohun tí àwọn tòsì ṣe. Mo ní wọn ò ṣe nǹkan kan, wọ́n kàn bọ́ sápá òsì ni. Láràárọ̀ ni mò ń fi tépù wọn ewé wọn, tí mò ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù rẹ, tí mo sì ń fi fóònù yà wọ́n. Mo máa ń wẹ̀, mo máa ń dé fìlà kí n tó yà wọ́n, nítorí mi ò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ rí mi bákan ṣá. Ìyá rẹ náà máa ń kó aṣọ kúrò lórí okùn tó wà lẹ́yìn mi.

Nígbà tí o wá kẹ́yìn, o jókòó sórí àpótí, o ṣàlàyé fún àwa méjèèjì pé ewé kì í tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se tirẹ̀, omi láti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ láti ìta. O ní ẹnu kéékèèké wà lábẹ́ ewé kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni omi ń gbà jáde, tí òùngbẹ bá sì ti gbẹ ewé, yóò pa ẹnu náà dé. Mo ti fi awò ojú mi wá àwọn ẹnu náà, mi ò rí wọn, ṣùgbọ́n o ò purọ́ fún mi rí.

Ní ọjọ́ karùn-ún, afẹ́fẹ́ gbẹ gan-an. Ètè èmi àti ìyá rẹ là. Ó mú agolo ìpara, ó fi pa ètè, ó gbé e fún mi, èmi náà fi pa á. Mo wá bojú wo àwọn olówùú dúdú. O ní kí a má fún wọn lómi. O ò ní kí ètè wọn máa là. Ohun tó ní ẹnu ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí kò rí omi mu fún odindi ọjọ́ márùn-ún nínú irú afẹ́fẹ́ yìí, báwo ni ètè rẹ̀ yóò ṣe rí? Bí a ṣe jókòó nìyẹn, tí a ń yí ewé wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ń fi ìpara pa abẹ́ rẹ̀, tí ìyá rẹ ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun. Ìkòkò mẹ́jọ la pa kí agolo tó tán.

Fọ́ọ̀mù rẹ béèrè bóyá a fi nǹkan mìíràn sí ewé náà, ìbáà ṣe ajílẹ̀ tàbí oògùn. Mo kọ rárá. Ìpara kì í ṣe ajílẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó fi pe oògùn. Mo fọwọ́ sí i, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejìlá, àwọn mẹ́jọ náà dúró ṣánṣán. Méjì tí ìpara ò kàn ti dojú bolẹ̀ pátápátá. Mo gbé wọn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí n tó ya fọ́tò, bí a ṣe ń lé ọmọ tí kò tíì wẹ̀ wọlé tí àlejò bá dé. Mo wá kọ ọ́ pé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló dúró. Irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń kọ ọ́. Mo rò pé méjì kò tó nǹkan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lo pè mí, ẹ̀rín ò jẹ́ kí o lè sọ̀rọ̀. O ní gbogbo ilé tí ẹ pín irúgbìn ẹ̀fọ́ yìí fún, kò sí èyí tí tiwọn pé ọjọ́ mẹ́jọ kó tó rọ, àfi tiwa. Ọ̀gá rẹ gba fóònù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ìwọ lo máa dìde níwájú àwọn onímọ̀ láti sọ pé irúgbìn yìí ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀, pé lẹ́yìn náà wọ́n á gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá, wọ́n á sì pín irúgbìn náà fún àwọn àgbẹ̀ tí òjò kì í rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ní ẹ ṣeun. Níwájú ọ̀gá rẹ, kí ni mo tún máa sọ?

Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ fura. Ó jókòó ti ìkòkò wọ̀nyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún, àmọ́ wọn ò dàgbà. Mo mú tépù, mo sì wá fi ohun tí mo ti ń kọ láràárọ̀ wéra. Ewé àwọn olówùú funfun ti kúrò ní íǹṣì mẹ́ta, ó ti di márùn-ún ààbọ̀. Àwọn tí a pa ní ìpara ṣì wà ní mẹ́ta géérégé láti ọjọ́ tí a ti pa wọ́n, etí wọn sì ti ń pọ́n. Ìyá rẹ ní tí ìpara bá dí ẹnu tí omi ń gbà jáde, ṣé kò tíì dí ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni? Ó ní omi ló kún inú wọn, ebi ló ń pa wọ́n. Mo ní kí ló mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìwé. Ó ní àwa méjèèjì lo ṣàlàyé fún.

Láàárọ̀ òní mo fi ọṣẹ àti aṣọ rírin nu ìpara kúrò lábẹ́ ewé ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò náà, tí omi ò tíì kàn di òní. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti wó. Mo nu ìkejì, òun náà wó. Mi ò nu ìkẹta.

Irúgbìn náà ò ní agbára kankan, ọmọ mi. Ìpara ni. Má dìde lọ́jọ́ Ajé lọ sọ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ yẹn á gbìn ín sílẹ̀ gbígbẹ, á kú mọ́ wọn lọ́wọ́, orúkọ rẹ ni wọ́n á sì máa dá. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé bàbá rẹ ló ṣe é, pé o ò mọ̀ sí i. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí ò ń retí lè tibẹ̀ lọ, ó sì ń dùn mí wọra.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí. Fún awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá ní owó ọkọ̀ ẹnì kan, kí ó bá mi mú un bọ̀. Màá kó ìkòkò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dání, títí kan méjì tí mo fi pamọ́, màá sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú wọn, kí wọ́n má baà rò pé ò ń di ẹ̀bi ru bàbá rẹ.

Ọlọ́run á la ọ̀nà mìíràn fún ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á yé ọ, á sì yẹ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́ ọ, ìwọ lo máa ń bẹ̀ mí, èmi ò bẹ̀ ọ́ rí. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.