Mo Lọ Wá Ẹ̀bùnọlá Ní Ìyìn

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 2024
Dùnmínínú wá láàárọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àná, ọ̀gá ilé-ìwé wa lónìí — Kékeré ni mo ṣì ń pè é nínú ọkàn mi. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi sọ ilé ìkàwé tuntun. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ó ní kí n kọ orúkọ àwọn ọmọbìnrin méjìlá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé náà ní 1975, nígbà tí gbogbo Adó ń bi mí pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ìṣirò ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8
Mọ́kànlá ni mo kọ. Mo mọ ẹni tó kù.

Ọjọ́rú, 9
Ẹ̀bùnọlá. Ọmọ àgbẹ̀ ará Ìyìn. Òun ló máa ń gbégbá orókè nínú ìṣirò. Ní fọ́ọ̀mù kẹrin, ó lóyún — mo ní kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi, àgbàlagbà. N kò gbà. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn òbí yòókù yóò kó ọmọ wọn lọ. Bóyá wọn ì bá kó wọn lọ lóòótọ́. Síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12
Mo wọkọ̀ lọ sí Ìyìn. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi — ìyẹn ló dùn mí jù. Mo ní, "Ẹ̀bùnọlá, mo ṣẹ̀ ọ́." Ó bẹ ẹ̀gẹ́ méjì tán kó tó sọ̀rọ̀. "Ogún ọdún ni mo fi bínú sí yín, mà. Ó rẹ̀ mí, mo fi í sílẹ̀." Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá wọ́n ń jẹ́ kí ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ṣe ìdánwò Wáẹ́kì. Mo ní wọ́n ń jẹ́ kó ṣe é. Èmi ni n óò kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Ìṣirò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ó ti gbàgbé púpọ̀, kò gbàgbé bí a ti ń ronú. A gúnyán, a jẹ ẹ́ tán pátá. Ọjọ́ dídùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 25
Ayẹyẹ. Mo sọ ìwà tí mo hù sí Ẹ̀bùnọlá lójú gbogbo èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ ti gbà mí láyè. Mo ní n kò ní gbà kí wọ́n fi orúkọ mi sọ ilé ìkàwé náà àyàfi tí ọmọbìnrin tó bá bímọ bá lè padà sí kíláàsì. Kékeré wolẹ̀ títí. Nígbà tí èrò túká, ó wá bá mi. "Mo lé ọ̀kan lọ ní táàmù tó kọjá, mà. Pamílẹ́rìn, ọmọ Igbemo. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ."
Mo ní kó mú èmi àti Ẹ̀bùnọlá lọ bá a.

Ọjọ́ Ajé, 28
Àwa mẹ́ta la lọ sí Igbemo. Pamílẹ́rìn ń fún ọmọ lọ́mú. Kékeré bẹ̀ ẹ́, ó bẹ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọmọ yó, Ẹ̀bùnọlá gbà á mọ́ra, ó ní kí Pamílẹ́rìn lọ wọ yunifọ́ọ̀mù.