Bí Eré Wa Ṣe Parí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Eré orí tẹlifíṣọ̀n wa ti parí. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá ara tù yín níbi tí ẹ wà, bóyá òtútù ìlú òyìnbó yìí ti fi orúnkún yín sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Ìbéèrè kan ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín: ṣé wọ́n pa á? Wọn ò pa á. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ fún yín, torí ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni mò ń kọ èyí, nínú pálọ̀ yín ní Peckham. Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé yẹn ṣì wà lójú fèrèsé. Tí oòrùn bá ti gba inú rẹ̀ kọjá, gbogbo yàrá á dà bí ìsàlẹ̀ omi, bọ́ọ̀sì tó ń kọjá nísàlẹ̀ á sì máa dún láti ọ̀nà jíjìn réré. Nígbà mìíràn mi ò mọ èyí tí mo rántí yàtọ̀ sí èyí tí mo lá. Mo máa ń rí yín lórí àga yín, omi òkun ti dé ọrùn ẹsẹ̀ yín, ẹ ò sì bìkítà, ẹ kàn ń tẹ́tí.

Ṣé ẹ rántí bí a ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọdún tí ojú yín kọ̀ pátápátá ni. Mò ń wá ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ sì gbọ́ ìró ìgbì omi, ẹ gbé ọwọ́ sókè.

"Fi síbẹ̀. Omi nìyẹn."

Etí ọ̀sà ní Èpé ni wọ́n bí yín sí, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo fi í síbẹ̀. Eré nípa ìlú kékeré kan létí òkun ni, àwọn òyìnbó ibẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ ò sì rí wọn. Ló bá di pé èmi ni mò ń sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá. Ọkùnrin kan wà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá. Ẹ sọ ọ́ ní Kankọ̀kankọ̀. Èkejì jẹ́ ọkùnrin olùkọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà. Ẹ̀ ń pè é ní Tíṣà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Sunday, tí ẹ bá ti kírun Alásárì tán, ẹ máa nu awò ojú yín dáadáa, ẹ máa gbé e wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi nǹkan kan hàn yín mọ́. Ẹ máa wá sọ pé ká bẹ̀rẹ̀.

Mo parọ́ fún yín, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi parọ́. Mo ní ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n dì mọ́ ara wọn nínú òjò, mo ní wọ́n ń jà. Nígbà tí wọ́n fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, tí eré náà dákẹ́ rọ́rọ́, mo ní wọ́n ń wo òkun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá yíjú sí mi.

"Òkun yìí náà ni wọ́n tún ń wò?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn yín ṣe.

"Ọmọkùnrin mi, ojú mi ló fọ́. Etí mi ò di. Àwọn méjèèjì yìí ń fẹ́ra wọn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ẹ fi ìka yín yí tẹ̀sùbáà. Mo ti ń wá rìmóòtù láti pa á. Ẹ wá ní ẹ mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa rẹ̀, mi ò ní láti rán yín létí, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ mọ bó ṣe máa rí fún wọn. Ẹ ní kí n máa sọ ọ́ bó ṣe wà.

Ìgbà yẹn gan-an ni mo wá rí i pé mi ò ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Yorùbá tèmi, Yorùbá wá-jẹun, ṣé-o-ti-kírun ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹnì kan ń wo ẹnì kan tí ojú rẹ̀ sì rọ̀. Mo máa ń ṣe àpèjúwe, ẹ̀yin á sì wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ò tíì sọ sí mi létí rí láti ìgbà tí Mọ́mì ti kú, ẹ̀ ń kó wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́sàn-án Sunday, nítorí òyìnbó méjì tí ẹ ò rí rí.

Ẹ tún máa ń bínú sí wọn. Ọjọ́ tí Kankọ̀kankọ̀ rí Tíṣà lọ́jà tó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ gbá apá àga.

"Ojo ni ọmọ yẹn! Ẹni tó ń bá ìgbì òkun jà, kí ló ń bà á lẹ́rù nínú èèyàn?"

Ara mi tutù wá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ẹ ò lè rí i. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?

Torí ẹ mọ Jéròmù. Òun ló bá wa gbé àga yín gun òkè ní ọjọ́ tí lífìtì bàjẹ́, òun ló kan tẹlifíṣọ̀n mọ́ ògiri. Ẹ mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kọ́rídọ̀, kó tó kanlẹ̀kùn ni ẹ ti máa ń sọ pé, "Ọmọ Jàmáíkà yẹn ti dé." Mo sọ fún yín pé ọ̀rẹ́ mi ni, pé a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn. Kò ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn rí. Ó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé ní Deptford. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń pè é ní ọ̀rẹ́ mi níwájú yín, òun náà á sì rẹ́rìn-ín, á bọ̀ yín lọ́wọ́, á padà sílé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjì òkun dé nínú eré náà. Kankọ̀kankọ̀ wa ọkọ̀ lọ sínú rẹ̀, eré sì dúró síbẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ ní, "Wọ́n fẹ́ pa á nìyẹn. Irú wọn, pípa ni wọ́n máa ń pa wọ́n nínú eré." Orúkọ àwọn tó ṣe eré náà ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n, orin rẹ̀ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ bọ́ awò ojú yín, ẹ yíjú sí ibi tí ohùn mi wà.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀, Bàbá?"

"Ìwọ."

Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ gbé omi tíì kaná. Mo dúró ní kíṣìnnì títí omi fi hó, tó tún tutù, tí mo tún gbé e kaná. Nígbà tí mo padà dé, ẹ ti sùn. Ṣé ẹ sùn lóòótọ́, àbí ẹ kàn fẹ́ kí ó rọ̀ mí lọ́rùn ni? Ọjọ́ Thursday ni wọ́n gbé yín lọ sí ọsibítù. Ẹ ò tún wálé mọ́.

Fún oṣù mẹ́rin mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ eré náà. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ sọ ìparí rẹ̀ fún mi, mo dí etí mi bí ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Jéròmù wá sílé, ó ní ṣé ká wò ó tán. Kò jókòó sórí àga yín. Ilẹ̀ ni àwa méjèèjì jókòó sí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, mi ò mọ ìgbà tí mo lanu. Mò ń sọ ọ́ sókè ní Yorùbá. Kankọ̀kankọ̀ ti dé etí omi. Apá rẹ̀ ti kán, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Jéròmù ò gbọ́ Yorùbá. Ó wò mí, ó mú rìmóòtù, ó yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀ kí tèmi lè ròkè.

Bó ṣe parí rèé. Tíṣà rí iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó ń di ẹrù. Kankọ̀kankọ̀, tòun ti apá tí wọ́n fi aṣọ so kọ́rùn, gba àárín ìlú kọjá lójú gbogbo ènìyàn, ó dé ilé Tíṣà, ó ń fi ọwọ́ kan bá a kó páálí sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. A rò pé ó wá kí i pé ó dàbọ̀ ni. Nígbà tí ẹrù pé, ó gbé báàgì tirẹ̀ náà sínú ọkọ̀. Àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà ń lọ lẹ́bàá òkun, ó ń kéré sí i, títí tó fi ku omi nìkan. Ó tán.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló bínú pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ̀yin máa sọ: ta ló máa tọ́jú ìyá rẹ̀? Mi ò mọ̀ o, Bàbá. Wọn ò sọ ọ́.

Mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo fọ ojú, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Ràbí, ní Catford. Ẹ mọ̀ pé láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀rù wọn ju yín lọ. Mo sọ fún wọn pé Jéròmù kì í ṣe ọ̀rẹ́ lásán, pé òun ni ẹni tí mò ń fẹ́, pé ọdún mẹ́fà rèé. Mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ wọn ń ṣeré lẹ́yìn.

"Ṣé Bàbá mọ̀?"

"Wọ́n bi mí, Àǹtí. Mo sá lọ sí kíṣìnnì."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní, "Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún ọ báyìí. Jẹ́ kí n kírun ná." Wọ́n pa fóònù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi pè. Mi ò jẹun dáadáa, mo fún oníbàárà kan ní oògùn ẹlòmíràn, ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá wa tó tètè rí i. Àná ni ohùn wọn wọlé sórí fóònù mi, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ se ìrẹsì lọ́jọ́ Saturday. Wọ́n wá ní: "Ẹ má pẹ́ o."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Àǹtí Ràbí ò sọ "ẹ" sí mi rí láyé. Àbúrò ni mo jẹ́ fún wọn, "ìwọ" ni mí látọjọ́ tí wọ́n ti ń pọ̀n mí. Ènìyàn méjì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Èmi ni, àbígbẹ̀yìn yín, tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ yín.