Àwòrán Adágún tí Ìbàdíàrán Nù

Kaduna, Sátidé kan nígbà ọyẹ́, 1938

Inú ń bí mi débi pé kálàmù fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé yìí. Ìbàdíàrán, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ti fi àkísà tútù nu àwòrán adágún mi.

Wọ́n ní eruku ọyẹ́ ti bò ó lójú fèrèsé tí mo sá a sí, àwọn sì bá mi tún un ṣe. Ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò ni mo fi kùn ún! Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sétí omi lọ́nà Afaka, tí mò ń wá bí òjìji igi ṣe máa hàn nínú omi láìdà bí igi tó wó. Ó sì bọ́ sí i lónìí. Àbàwọ́n ló kù báyìí.

"Ìyàwó, o ò tiẹ̀ ní kí mi kú iṣẹ́?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé o, Ìbàdíàrán." Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Mo mọ̀ pé ìyàwó kì í fèsì, ṣùgbọ́n kí n tún dúpẹ́!

Ọkọ mi ti ọ́fíìsì dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣebí wàá kun òmíràn."

Mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan mi mọ́." Ohùn mi le ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí títí, ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, nípa nǹkan ìyàwó mi ni."

Inú ṣì ń bí mi o. Àmọ́ ó lọ.