Dómínò Ọmọ Méjìdínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Baba Ṣọ́ọ̀kì pín ìwé ìdánrawò fún wa lónìí. Ogójì ìbéèrè lórí ìṣirò ìṣeéṣe. (Dókítà Fructuoso Landa lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá rí apá ẹ̀wù rẹ̀ á mọ ìdí tí mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀.) Àpò kan ní bọ́ọ̀lù pupa márùn-ún àti dúdú mẹ́ta. Ẹnì kan di ojú, ó fa ọ̀kan jáde. Ta ló kó bọ́ọ̀lù sápò? Kí ló dé tó fi di ojú? Ìbéèrè kẹsàn-án: bọ́ọ̀sì mẹ́ta ń kọjá ní wákàtí kan. Ní Havana wo? Ìbéèrè kejìlá: ní ìpíndọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ ẹyin mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ta wá ló ń jẹ tèmi?

Gbogbo rẹ̀ ló sú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí. Ti ọjọ́ kejìlélógún ló máa jẹ́ ẹ̀kẹta, òun náà ló sì kẹ́yìn. Tí mi ò bá yege, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò ní ẹ̀kọ́ ìpògùn, màá sì padà sí Santiago lọ bá Màmá, ẹni tó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé Odalmis òun á di apòògùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Kòkòrò nínú ẹ̀wà ilé oúnjẹ. Mo kà á. Mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ẹ̀gà. Yusimí ni, tá a jọ ń gbé yàrá, ọmọ Havana níbí. Láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Irun rẹ̀ wà nínú bàsíà, nínú ife mi, nínú búrọ́ọ̀ṣì irun mi. Ó ń rí mi lára. Ẹ̀kẹta tirẹ̀ náà nìyí. Ó gbọ́ ìṣirò jù mí lọ fíìfíì, àmọ́ ojora ni tiẹ̀: tó bá ti rí bébà ìdánwò, ọwọ́ rẹ̀ á máa sáré ju orí rẹ̀ lọ.

Lónìí ó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún lórí ìbéèrè kẹjọ. Ó da ẹ̀wà rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, “Wò ó, ọmọ Santiago. Ogún ẹ̀wà, mẹ́ta ní kòkòrò. Tó o bá mú ọ̀kan jẹ, kí ni ìṣeéṣe pé ẹran lo jẹ?” Èébì gbé mi. Ṣùgbọ́n ó yé mi.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Àwọn ọkùnrin ń ta dómínò lábẹ́ fèrèsé wa, wọ́n ń gbá a mọ́ tábìlì bí ẹni tó ń kan ìṣó. Ká sọ òótọ́, dómínò Havana ń kó mi nírìíra. Ojú rẹ̀ láti òfo dé mẹ́sàn-án, ọmọ márùndínlọ́gọ́ta! Ọjà nìyẹn, kì í ṣe ayò. Tiwa ní Santiago kì í kọjá mẹ́fà. Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n péré, ẹni tórí ẹ̀ bá pé á mọ ohun tó wà lọ́wọ́ alátakò rẹ̀. Òun ni Bàbá fi kọ́ mi ní òǹkà kí n tó wọ ilé ìwé.

Mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gà. Ó ní ẹ̀yin ará ìlà-oòrùn Kúbà, ṣebí ẹ ò tiẹ̀ lè ka nǹkan dé mẹ́sàn-án ni. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 14
Ìbéèrè mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti lọ. Ìyá Ẹ̀gà gbé ìrẹsì wá, Ẹ̀gà pín in sí méjì, ó fún mi nídajì. Mo ti wá ń dúró de ìgbà tó máa dé láti kíláàsì. Ìyẹn náà ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Ẹtì, 22
Ìdánwò. Ogún ìbéèrè, ẹni tó bá gba méjìlá ló yege. Ìkẹrìndínlógún: wọ́n fa ọmọ kan nínú dómínò, kí ni ìṣeéṣe pé ìbejì ni, pé ojú rẹ̀ méjèèjì bára mu? Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni mo kọ ọ́. Ìbejì méje, ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìdámẹ́rin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26
Èsì wà lára ògiri. Yusimí, méjìlá. Èmi, mọ́kànlá.

Ìkẹrìndínlógún ni. Wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́: 10 nínú 55. Mo mọ̀! Láti oṣù kẹsàn-án ni ariwo àwọn tó ń ta dómínò ti ń dí mi létí, síbẹ̀ ọwọ́ mi kọ ti ilé bàbá mi. Ẹ̀gà sunkún jù mí lọ. Lẹ́yìn náà ó nu imú, ó ní, “Lọ bá a. Kò sọ irú dómínò tó jẹ́. O lẹ́jọ́ láti rò.”

Ọjọ́rú, 27
Mo lọ bá Baba Ṣọ́ọ̀kì. Kò wo ojú mi. Ó ní dómínò ni dómínò, ọmọ márùndínlọ́gọ́ta ni, gbogbo Kúbà ló mọ̀. Mo ní, “Ìdajì Kúbà, Prófè.” Ó ní kí n máa lọ sí ìdajì tèmi. Ẹnu rẹ̀ ń rùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń rùn.

Èmi àti Ẹ̀gà jọ kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka. Ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀ ló dáa, òun ló kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 29
Ìgbìmọ̀ dá mi láre. Ìbéèrè náà kò pé. Wọ́n fagi lé e fún gbogbo wa, àtẹni tó gbà á àtẹni tó kùnà. Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo wa á dáhùn òmíràn dípò rẹ̀.

Mọ́kànlá ni Yusimí náà ní báyìí.

A ò ronú dé ibẹ̀. Èmi ò ronú dé ibẹ̀. Ó ka ìwé ìgbìmọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ẹ̀gà dákẹ́! Lẹ́yìn náà ló ní, “Ìbéèrè kan péré ni. Kò sí nǹkan kan.”

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹrin
Inú burúkú ni Baba Ṣọ́ọ̀kì fi kọ ìbéèrè tuntun sójú pátákó, èmi ló sì ń wò: Nínú dómínò Santiago, tó ní ọmọ 28, tí wọ́n bá fa ọ̀kan, kí ni ìṣeéṣe pé ìbejì ni?

Kò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tá a jáde, Ẹ̀gà dì mọ́ mi lọ́rùn. “Ó mà rọrùn o. Mẹ́wàá nínú méjìdínlọ́gbọ̀n, àbí?”

Mẹ́wàá. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìbejì mẹ́wàá ló wà nínú dómínò. Ọwọ́ tirẹ̀ náà kọ ti ilé bàbá rẹ̀.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ọjọ́rú, 3
Èmi, méjìlá. Yusimí, mọ́kànlá.

Igún ṣoore, igún pá lórí. Ìyá rẹ̀ wá bá a di ẹrù, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà Yusimí yíjú padà, ohùn rẹ̀ ò le rárá. “Mo bi ọ́ lọ́jọ́ Ajé. O ní bẹ́ẹ̀ ni.” Wọ́n lọ.

Ara mi ló ń rí mi lára lónìí, kì í ṣe ẹ̀wà, kì í ṣe Baba Ṣọ́ọ̀kì. Màmá pè, ó ń jó lórí fóònù. Mo fẹ́ ya irun mi kí n tó lọ sí kíláàsì. Irun Yusimí ṣì wà nínú búrọ́ọ̀ṣì. Mi ò yọ ọ́.