Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ọmọ Tó Ń Fi Ìmọ̀ Rẹ̀ Pamọ́

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ojúlé Kẹrìndínlógún,
Òpópónà Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama,
Àjà Kejì, Ilé Ìgbìmọ̀ Ìlú.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ MÁ JẸ́ KÍ WỌ́N GBÉ ỌMỌ-ỌMỌ MI LỌ SÍ KÍLÁÀSÌ ÀWỌN TÍ ÌṢIRÒ Ò YÉ

1. Èmi ni ìyá àgbà ọmọbìnrin tó jẹ́ nọ́ńbà kọkànlélógún nínú rẹ́jísítà kíláàsì kejì. Èmi kan náà ni mo ti ń rán yúnífọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ yẹn láti ọdún mẹ́tàdínlógójì sẹ́yìn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó fọwọ́ sí ìwé tí mo ń fèsì sí yìí, èmi ni mo gé ṣòkòtò àkọ́kọ́ tó wọ̀ débẹ̀. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, ọjọ́ mẹ́ta ló sì gbà mí. Ọmọ náà ní òun á bá mi tún un kọ, mo ní kó lọ jókòó. Ẹni tó ni ẹjọ́ ní í rò ó.

2. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní máàkì ọmọ náà nínú ìṣirò ti já láti mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún sí mọ́kànlélógójì, pé orí rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ kíláàsì náà mọ́, àti pé bí wọ́n bá wọlé fún sáà tuntun, kíláàsì àwọn tí ìṣirò ò yé ni yóò máa jókòó sí. Wọ́n tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yéé lò ó ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin Ọ̀gá, bọ́tìnnì ni ọmọ yẹn ń bá mi rán mọ́ ẹ̀wù, ìyẹn náà ní ọjọ́ Sátidé nìkan. Bọ́tìnnì kì í jẹ ọpọlọ.

3. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní sáà kìíní, bí tíṣà ìṣirò bá ń kọ ìbéèrè mẹ́wàá sára pátákó, kí ó tó kọ ìkẹwàá tán, ọmọ náà ti ṣe mẹ́sàn-án. Inú tíṣà kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá, ọmọ tó jókòó láìrí nǹkan ṣe di ìyọnu fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, ìwọ tó ti ṣe tán, nu pátákó. Gba ìwé àwọn ẹgbẹ́ rẹ jọ. Gbé rẹ́jísítà lọ sí ọ́fíìsì. Lọ kọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló rán an níṣẹ́. Àwọn tó ní kó lọ kọ́ náà ò sì fẹ́ rí i sójú. Wọ́n sọ ọ́ ní Tíṣà Kékeré. Bó bá ti ń bọ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ o, mà," wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín.

4. N kò bá tíṣà jà. Ọmọ méjìléláàádọ́ta ló wà níwájú rẹ̀, ẹnu kan ló sì ní. Mo ti pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì rí, ẹfun ìkọ̀wé kún apá ẹ̀wù rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé èmi tí mo ju ìyá rẹ̀ lọ ni mo kọ́kọ́ kí i. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ-iṣẹ́ tó bá tètè mọ bí a ti ń rán etí aṣọ kó gún, n kì í gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kọ́là ẹ̀wù ni mo ń fún un rán. Tó bá mọ kọ́là, mo ń fún un ní kóòtù, kí n wá wo bí òógùn ò ṣe ní bò ó. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. N kò gbọ́ kí wọ́n ní ká so ti iwájú mọ́lẹ̀ kí tẹ̀yìn lè bá a.

5. Nígbà tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, èmi náà ṣe àṣìṣe, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí. Mo rò pé eré ló ń ṣe. Ìwé ìṣirò kan wà tí awọnlẹ̀ kan, oníbàárà tí mo máa ń rán ṣòkòtò fún, fún un. Mo gbà á, mo tì í mọ́ inú àpótí òwú. Ọmọ náà kò janpata. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó ta mí lólobó.

6. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo tẹ́ ìwé ìdánwò àárín sáà rẹ̀ sórí tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ, kí n lè fọwọ́ sí i. Ìka mi kan ojú ìwé, ó ń ṣe gbágungbàgun. Bí èèyàn bá tú aṣọ tún rán, ojú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kì í lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà rí. Lábẹ́ ìdáhùn méjìlá, òmíràn wà tí ó ti fi rọ́bà pa rẹ́. N kò mọ èyí tó tọ̀nà nínú wọn, mo bá gbé e tọ awọnlẹ̀ lọ. Ó gbé e síbi fèrèsé, ó sì ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mọ́kànlá nínú ohun tí ọmọ náà pa rẹ́ ló tọ̀nà. Ọ̀kan kùnà ní tòótọ́, n kò fi pamọ́. Ìwé náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ fi ìka yín kàn án.

7. Mo pe ọmọ náà. N kò pariwo mọ́ ọn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń jẹ́ kó jókòó."

Ọmọ ọdún méjìlá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, bí wọ́n bá gbé e lọ sí kíláàsì yẹn, kò ní sunkún. Ibẹ̀ ni yóò ti sinmi. Yóò máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, títí yóò fi di ẹni tí kò mọ̀ lóòótọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn.

8. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ dá gbígbé tí wọ́n fẹ́ gbé e dúró títí èsì ìdánwò ìparí sáà yóò fi jáde, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe tíṣà rẹ̀ sì máàkì ìwé rẹ̀. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ ọ́ sí ọmọ náà létí, kó tó wọ yàrá ìdánwò, pé ẹni tó bá tètè ṣe tán kò ní di ìránṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí wọ́n máa fún un. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín kíláàsì rẹ̀ àti kíláàsì kẹta. Ní àkókò ìṣirò, ó lè gbé àga rẹ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mo ti bi tíṣà ibẹ̀. Obìnrin náà ní àga kan ò ní mú kí ilẹ̀ yàrá òun wó. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé àwọn ọmọ tó kù dáadáa. N kò rò pé òun nìkan ló ń lo rọ́bà.

9. Ìdánwò náà ku ọjọ́ mẹ́jọ. Lánàá, mo sọ fún ọmọ náà pé kó kọ ohun tó mọ̀, kó má pa nǹkan kan rẹ́. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú pé wọn ò ní gbé dọ́sítà lé òun lọ́wọ́. Mo ní ó dá mi lójú. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò tíì bi yín nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, ọmọ yẹn kò sì ká irọ́ mọ́ mi lẹ́nu rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kí ọjọ́ mẹ́jọ náà tó pé.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí ń retí ọ̀rọ̀ yín,

Ìyá Aránṣọ,
Aránṣọ yúnífọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́, àti ìyá àgbà nọ́ńbà kọkànlélógún.